Ojú Tí Ń Rí Ooru: Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Ṣọ́ Ìléru Kí Ewu Tó Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé àrọ rí mọ̀ pé kí ọmọ owú tó balẹ̀, ojú alágbẹ̀dẹ ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àwọ̀ irin nínú iná ni ó ń wò. Bí irin náà bá ṣì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dídì, kò tíì tó. Bí ó bá pọ́n bí epo pupa tí oòrùn tàn sí, ó tó lù. Bí ó bá di funfun, tí iná sì ń ta lára rẹ̀, ó ti kọjá ààlà, irin náà fẹ́ bàjẹ́. Kò sí òṣùwọ̀n kankan ní ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ojú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Minna, ní Bida, ní Suleja, ní Kontagora àti ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Niger, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ mọ́ iná: ẹ̀yin wẹ́dà tí ẹ ń jó irin pọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ àlòkù irin tí ẹ fi ń da ìkòkò, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ iná mànàmáná ṣe. Àwọn ọmọ yín mìíràn sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ kan tí ó ti di ojú kejì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń yọ́ irin, tí ń se gíláàsì, tí ń yan sìmẹ́ńtì. Kámẹ́rà ni, ṣùgbọ́n kì í ya ojú ènìyàn bí a ti mọ̀ ọ́n. Ooru ni ó ń yà.

Ibi tí agbára ojú mọ

Ojú ènìyàn jẹ́ ohun ìyanu, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ní ọdún 1847, John William Draper, olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní New York ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kó oríṣiríṣi nǹkan sínú iná, ó sì ń wò wọ́n nínú òkùnkùn. Ó rí i pé ohun yòówù kí ó jẹ́, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe òkúta, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pupa. Ojú ibẹ̀ náà ni nǹkan bí 525 dígírì lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ní 100 dígírì ni omi ń hó. Láti ibẹ̀ títí dé 525 dígírì, kò sí àwọ̀ kankan tí ojú lè fi mọ̀ pé ohun kan gbóná. Irin tí ó wà ní 400 dígírì, dúdú ni ó ṣì máa dúdú, bí ẹni pé kò rí iná rí. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán gbá a mú ni yóò tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn 525 dígírì ni pupa rẹ́súrẹ́sú yóò yọ. Ní àyíká 800 dígírì ni yóò pọ́n dáadáa. Nígbà tí ó bá fi máa dé 1,100 dígírì, yóò ti máa fa àwọ̀ òfeefèé. Bí ó bá ju 1,300 dígírì lọ, yóò máa funfun.

Oòrùn pẹ̀lú a máa tan ojú jẹ. Irin tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú òjìji, bí a bá gbé e bọ́ sí ìta gbangba ní ọ̀sán gangan, yóò dà bí ẹni pé dúdú ni. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń fẹ́ kí ilé àrọ ṣókùnkùn díẹ̀. Kì í ṣe nítorí oòrùn tí ń pa ni nìkan. Nítorí kí ojú lè ka àwọ̀ iná ni pẹ̀lú.

Ọgbọ́n iná kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa iná líle. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Minna lọ sí Bida, ẹ ó bá ìlú àwọn Nupe, tí àwa ń pè ní Tápà, níbi tí iṣẹ́ idẹ àti iṣẹ́ gíláàsì ti lókìkí láti ìgbà pípẹ́. Àwọn Masaga, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe gíláàsì ní Bida, ní àdúgbò tiwọn, wọ́n sì ní ìléru tiwọn. S. F. Nadel, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, tí ó ṣe ìwádìí ní Bida láàárín ọdún 1934 sí 1936, kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1942. Àwọn kan ń fẹ́ ẹwìrì, àwọn kan ń fi ọ̀pá irin fa gíláàsì yíyọ́ jáde, wọ́n ń yí i di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ó bá ti jinná.

Bákan náà, ní Suleja, tí a ń pè ní Abuja kí a tó fi orúkọ náà fún olú-ìlú orílẹ̀-èdè yìí, ni Michael Cardew, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbágyì, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954, tí òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Minna ni ó kú sí ní ọdún 1984, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà láti 2007. Ìkòkò tí àwọn ìyá wa ń fi igi àti koríko sun ní ìta kì í sábà kọjá 900 dígírì. Irú ìkòkò dídán tí wọ́n ń sun nínú ìléru ní Suleja ń béèrè nǹkan bí 1,300 dígírì. Bí iná bá kéré, ìkòkò kò ní jinná. Bí ó bá pọ̀ jù, ìkòkò yóò rọ, yóò sì wó.

Bí a bá sì darí sílé, ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Abidemi Babalọlá ṣáájú wọn hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí a fi yọ́ gíláàsì. Wọ́n fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe gíláàsì tiwọn níbẹ̀, láti inú ohun èlò ilẹ̀ wa. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ iná. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀nà tí a fi lè rí ooru tí kò ní àwọ̀, àti ọ̀nà tí a fi lè fi ohun tí a rí lé ọmọ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí iye, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìrírí ogún ọdún nìkan.

Bí ayé ṣe rí ooru tí kò ní àwọ̀

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yìí, àlejò ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni òun náà. William Herschel ni orúkọ rẹ̀. Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí i sí ní 1738. Ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ń fi orin jẹun níbẹ̀ kí ó tó di awòràwọ̀. Ní ọdún 1800, ó mú gíláàsì onígun mẹ́ta, ó fi pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ bí ti òṣùmàrè, ó sì ń gbé òṣùwọ̀n ìgbóná sí orí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ìgbóná ń pọ̀ sí i bí ó ti ń súnmọ́ pupa. Nígbà náà ni ó gbé òṣùwọ̀n kọjá pupa, sí ibi tí ojú kò rí àwọ̀ kankan mọ́. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n ti ga jù lọ. Ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní infrared lónìí.

Gbogbo ohun tí ó wà láyé ni ó ń tú ìmọ́lẹ̀ àìrí yìí jáde: ènìyàn, ògiri, ìkòkò ọbẹ̀, àní yìnyín pàápàá. Bí ohun kan ti ń gbóná sí i ni èyí tí ó ń tú jáde ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1900, Max Planck ní Berlin ṣe ìṣirò tí ó so ìgbóná ohun kan mọ́ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Láti ìgbà náà wá, bí a bá lè wọn ìmọ́lẹ̀ náà, a lè fi ìṣirò mọ ìgbóná ohun tí ó tú u jáde, láìfi ọwọ́ kàn án.

Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní 1901, àwọn ará Jámánì méjì, Holborn àti Kurlbaum, ṣe awò kan tí okùn wáyà tín-ínrín wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò gba inú awò náà wo inú ìléru, yóò sì máa mú iná wáyà náà le títí wáyà yóò fi pòórá mọ́ àwọ̀ iná ìléru. Ní ojú ibi tí ó bá ti pòórá ni ìgbóná àwọn méjèèjì ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni awò náà lè wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ó bá sì ti pọ́n nìkan ni ó wúlò fún. Ní 1965 ni ilé-iṣẹ́ AGA ti ilẹ̀ Sweden gbé kámẹ́rà ooru jáde fún títà, tí wọ́n sì ń fi í yẹ okùn iná mànàmáná wò. Ó wúwo, ó sì wọ́n bí ojú. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe irú èyí tí kò nílò kí a máa fi gáàsì tútù bù ú, tí àwọn ológun sì yọ̀ǹda àṣírí rẹ̀ ní 1992, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Lónìí, àwọn kan kò tóbi ju fóònù lọ.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ fi ojú inú wo ẹní kan tí a fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣùwọ̀n ìgbóná tíntìntín hun. Bẹ́ẹ̀ ni inú kámẹ́rà ooru rí. Kámẹ́rà tí ó ní ìlà 240 tí ojú 320 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ka ìgbóná ojú 76,800 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ yóò wá fi àwọ̀ lé iye kọ̀ọ̀kan: dúdú tàbí aró fún ibi tí ó tutù, pupa àti òfeefèé fún ibi tí ó gbóná, funfun fún ibi tí ó gbóná jù. Àwọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àwọ̀ ohun náà gan-an. Èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá ojú wa sọ̀rọ̀ ni.

Oríṣi méjì ni ó ṣe pàtàkì kí a mọ̀ yàtọ̀. Ọ̀kan wà fún ìgbóná kékeré, bí ara ènìyàn àti ògiri ilé. Gíláàsì lásán kò jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ kọjá, nítorí náà ohun kan tí a ń pè ní germanium ni wọ́n fi ń ṣe ojú kámẹ́rà náà. Èkejì wà fún ohun tí ó gbóná gidigidi, bí irin yíyọ́ àti inú ìléru. Ìmọ́lẹ̀ tí ó súnmọ́ èyí tí ojú wa ń rí ni ó ń kà, nítorí ohun tí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ ń tú púpọ̀ irú ìmọ́lẹ̀ yìí jáde. Ẹni tí ó bá ra ti àkọ́kọ́ láti fi wo iṣẹ́ èkejì ti fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ohun tí ó ń ṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ irin àti ti sìmẹ́ńtì

Ní ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin, irin yíyọ́ a máa wà ní nǹkan bí 1,600 dígírì. Inú garawa ńlá kan, tí ó lè gba ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n máa ń dà á sí, tí ẹ̀rọ agbẹ́rù yóò sì gbé e kọjá lórí àwọn òṣìṣẹ́. Irin ni garawa náà pàápàá. Kí ni kò jẹ́ kí òun náà yọ́? Biríkì pàtàkì tí iná kò lè ràn ni a fi tẹ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá da irin sínú rẹ̀ ni irin náà ń jẹ biríkì wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, bí omi odò ṣe ń jẹ bèbè. Kò sí ẹni tí ó lè bojú wo inú rẹ̀ nígbà tí ó kún.

Níbí ni ọ̀ràn ti le. Ara garawa lóde a máa gbóná ní ọgọ́rùn-ún dígírì mélòó kan nígbà gbogbo. Níbi tí biríkì bá ti tín-ín-rín, ìgbóná ara rẹ̀ yóò ga ju ti ibi yòókù lọ. Bí irin ara rẹ̀ bá sì dé 600 dígírì, agbára rẹ̀ yóò ti dín kù tó ìlàjì. Ẹ rántí pé 525 dígírì ni ojú tó lè rí pupa, inú òkùnkùn nìyẹn. Nínú ilé-iṣẹ́ tí iná ń kọ mànà, ó di ìgbà tí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá máa fi ojú rí i pé ara garawa pọ́n, garawa náà ti ń rọ. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó kù láti sá. Kámẹ́rà ooru rí ibi tí ó gbóná náà nígbà tí ó ṣì dúdú lójú ènìyàn. Wọn yóò yọ garawa náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò tún biríkì rẹ̀ tẹ́, ẹ̀mí kò sì ní bọ́.

Ti sìmẹ́ńtì kò yàtọ̀ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ti wà láti 1960, ti Obájànà ní Ìpínlẹ̀ Kogi sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Òòlù ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìléru gbọọrọ kan, òpó irin oníhò tí gígùn rẹ̀ lè ju 60 mítà lọ, tí a dá dùbúlẹ̀ tí ó rọra tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tí ó sì ń yí láìdúró. Òkúta ẹfun àti amọ̀ ń ti ẹnu kan wọlé, iná ń ti ẹnu kejì jó wọlé. Ohun tí à ń yan gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 1,450 dígírì. Ọwọ́ iná náà sì súnmọ́ 2,000. Biríkì ni ó wà láàárín iná yìí àti òpó irin. Bí biríkì kan bá já, ojú ibẹ̀ lára òpó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òpó yóò wọ́, iṣẹ́ yóò sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nítorí náà, káàkiri ayé ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ awo-ooru sí ẹ̀gbẹ́ irú ìléru yìí. Bí òpó ti ń yí, ẹ̀rọ ń ka ooru ara rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yí ká. Yóò wá tẹ́ àwòrán gbogbo ara òpó náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹní tí a tú kalẹ̀. Ẹnjiníà tí ó jókòó nínú ilé lè nàka sí ojú kan kí ó sọ pé, "Biríkì ibí yìí kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́."

Ohun tí ń tan ẹ̀rọ jẹ

A kò ní jẹ́ olóòótọ́ bí a bá sọ pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣì í. Ẹ gbé ìkòkò méjì ka iná: ìkan dúdú nítorí èéfín, èkejì jẹ́ tuntun tí ó ń dán yanran. Ẹ bu omi gbígbóná kan náà sínú àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá yọ kámẹ́rà ooru sí wọn, yóò ní èyí tí ó dúdú gbóná, yóò sì ní èyí tí ó ń dán tutù. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan án, ẹ ó jó. Ohun dúdú tí ara rẹ̀ há a máa tú ooru síta dáadáa. Ohun dídán a máa pa ooru tirẹ̀ mọ́, yóò sì máa tan ooru àwọn ohun tí ó yí i ká padà bí dígí. Kámẹ́rà kò mọ ìyàtọ̀ yìí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń lò ó ni yóò sọ fún un irú ohun tí ó ń wò.

Ìṣòro yìí pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ irin, nítorí ojú irin yíyọ́ kì í dúró ní ipò kan. Ibì kan ń dán, ibì kan ti yí padà nítorí afẹ́fẹ́, ìdàrọ́ sì léfòó lórí ibòmíràn. Ibi tí ìdàrọ́ bá wà lè dà bí ẹni pé ó gbóná ju ibi tí ó mọ́ lọ, nígbà tí ìgbóná wọn jẹ́ ọgbọọgba. Ọwọ́ iná, èéfín àti oruku pẹ̀lú ń dí i lójú. Àwọn onímọ̀ ti wá ọgbọ́n sí èyí: irú ìmọ́lẹ̀ àìrí kan wà tí ó ń gba inú ọwọ́ iná kọjá láìjẹ́ pé iná náà ṣe é ní nǹkan, irú èyí sì ni kámẹ́rà tí ń wo ògiri inú ìléru ń lò. Gíláàsì náà ní tirẹ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ kan ń fi inú gíláàsì yíyọ́ hàn, irú mìíràn ń fi ojú òkè rẹ̀ nìkan hàn. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí òun ń wò yóò gba òkè fún inú.

Nítorí náà, ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kò di aláìwúlò. Òun ni yóò sọ fún ẹ̀rọ ohun tí ẹ̀rọ ń rí.

Ojú tí iná ń jẹ

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Ojú tí ń ka àwọ̀ iná fún ọgbọ̀n ọdún ń san gbèsè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àìrí inú ìléru ń mú inú ẹyin ojú gbóná díẹ̀díẹ̀, títí ohun tí ó yẹ kí ó mọ́ gaara nínú rẹ̀ yóò fi di funfun bí ẹni pé ìkùukùu bò ó. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ti mọ̀ ọ́n mọ́ àwọn tí ń fẹ́ gíláàsì ní Yúróòpù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í sínú àwọn àìsàn iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ san owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ lé lórí. William Crookes, onímọ̀ kan níbẹ̀, wá irú gíláàsì tí yóò dènà ooru yìí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1914.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí àgbà alágbẹ̀dẹ tàbí adàkòkò tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹ má kàn sọ pé ogbó ni, ẹ má sì yára sọ pé ayé ló ṣe é. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gba ojú náà. Àǹfààní ńlá kan tí kámẹ́rà ooru mú wá ni pé òṣìṣẹ́ lè dúró lókèèrè, kí ó wo ìléru lójú àwòrán, dípò kí ó máa yọjú sí ẹnu iná.

Èyí tí ó kàn wá ní Minna

Ìpínlẹ̀ Niger ni ìpínlẹ̀ iná mànàmáná. Kainji, Jebba, Shiroro tí ń pèsè 600 megawatt, àti Zungeru, ìpínlẹ̀ yìí ni gbogbo wọn wà tàbí bá pààlà. Iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ ra kámẹ́rà ooru fún ní 1965 náà ni ó ṣì wúlò jù fún níbí: láti wo oríkèé wáyà tí kò dì dáadáa, tí ó ń gbóná láìyọ iná, kí ó tó jó tiransfọ́mà. Ní Minna gan-an ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà láti 1983, àti SEDI, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a dá sílẹ̀ láti máa ṣe ohun èlò sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ àlòkù irin ti wà ní Ìkòròdú àti Ògìjo, a sì ṣì ń retí ìléru ńlá Ajaokuta, tí a dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1979. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ bí a ti ń ka ooru dáadáa kò ní wá iṣẹ́ tì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń da ìkòkò, a ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660 dígírì, nígbà tí ẹ bá sì ń dà á, ó ti ju 700 lọ. Síbẹ̀ ní ojú ọ̀sán, kì í pọ́n. Fàdákà ni àwọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé omi tútù ni. Ojú kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Nítorí pé ó ń dán, kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú yóò purọ́ fún yín, yóò ní ó tutù. Òṣùwọ̀n onírin tí a ń rì bọ inú rẹ̀ ni ó lè sọ òtítọ́. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí omi kan ohun tí ẹ ń da irin yíyọ́ sí. Ìkán omi kan ṣoṣo tí irin yíyọ́ bá bò mọ́lẹ̀ yóò di ọyẹ́ gbígbóná lójú ẹsẹ̀, yóò sì tú irin náà ká sí ojú àti àyà ẹni tí ó wà nítòsí.

Àwọn kámẹ́rà kékeré tí a ń so mọ́ fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ka ohun tí ó bá ju nǹkan bí 400 dígírì lọ. Wọ́n dára fún wáyà, fún ògiri ààrò búrẹ́dì tí ooru ń gba ibi tí ó sán jáde, tí igi ìdáná sì ń ṣòfò. Wọn kò dára fún irin yíyọ́. Ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè iye dígírì tí ó lè kà kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ojú, gíláàsì dúdú tí a fi ń yẹra fún oòrùn kò tó. Ó lè dín ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí kù, kí ó sì jẹ́ kí ooru àìrí kọjá. Èyí tí a dìídì ṣe fún iṣẹ́ ìléru tàbí iṣẹ́ wẹ́dà ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rà fún àwọn ọmọṣẹ́ yín pẹ̀lú. Ọmọ tí a fà lé ọ̀gá lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́, ojú méjèèjì ni ó gbé wá. Ojú méjèèjì ni ó yẹ kí ó gbé lọ ní ọjọ́ tí ó bá gba ìdásílẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Owó ọ̀gá kan lè má tó ra ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè dá owó jọ, kí wọ́n sì pe àwọn onímọ̀ láti yunifásítì kí wọ́n wá wo iṣẹ́ wọn fún ọjọ́ kan. Àwọn onímọ̀ yóò kọ́ ohun tí ìwé kò sọ fún wọn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, àwọn ọ̀gá yóò sì rí ooru tí ojú wọn kò rí rí. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí iná yóò kọ́kọ́ mú ẹnìkan kí ẹ tó ṣe é.